Ọlẹ̀ Tó Ń Dúró De Àyè

Irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ayé mi ní Sharjah, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Dubai. Obìnrin mẹ́fà la wà nínú yàrá kan ní Al Qasimia, bẹ́ẹ̀dì onípele méjì mẹ́ta, oníkálukú ta aṣọ bo tirẹ̀. Òkè ni mo ń sùn. Ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìbàdàn, ló wà nísàlẹ̀. Ọjà ni wọ́n ń rà ní Deira ní Dubai tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n bi mí pé ọmọ mélòó ni mo fi sílẹ̀ nílé. Mo ní ọ̀kan. Wọ́n ní ọkùnrin ni àbí obìnrin. Mo ní obìnrin ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

N kò mọ ibi tí mo ti rí i. Bóyá torí pé gbogbo àwọn tó kù ló ní ọmọ. Bí iṣẹ́ bá ti parí, kálukú á fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bò, á gbé fóònù, ariwo ọmọdé á sì máa jáde láti ìhà márùn-ún. Èmi náà á gbé fóònù tèmi, mà á máa wo àwòrán àwọn ẹlòmíràn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò bí ọmọ kankan. Ọdún mẹ́jọ ni èmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó nígbà náà. Olùkọ́ ni ọkọ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Èkó. A ti ṣe IVF lẹ́ẹ̀kan. Ọlẹ̀ méjì péré ló jáde dáadáa nínú gbogbo wàhálà yẹn. Dókítà gbé ọ̀kan sínú mi, ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ó sì wálẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì, wọ́n ní àwọn á fi í pamọ́ sínú òtútù títí a ó fi ṣe tán. Ara mi kò tíì ṣe tán, ọwọ́ wa náà kò sì tíì ṣe tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ọlọ́dún méjì ní Dubai. Ọkọ mi fẹ́ wá dípò mi, àmọ́ obìnrin ni wọ́n ń wá.

Ilé iṣẹ́ tó gbà mí fi mí ránṣẹ́ sí ilé ẹranko kan tí wọ́n kọ́ sábẹ́ òrùlé, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Láti Sharjah mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀ Union, mà á wọ ọkọ̀ ojú irin metro, mà á tún wọ bọ́ọ̀sì míì. Ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, lẹ́yìn náà gíláàsì, torí mi kì í fi ìlà omi sílẹ̀ lára gíláàsì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá tí mo débẹ̀, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá òkùnkùn.

Wọ́n yí ọ̀sán padà di òru nínú yàrá yẹn. Lálẹ́ tí kò sí ẹnì kankan, wọ́n á tan iná funfun kí àwọn ẹranko ibẹ̀ lè sùn. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á pa á, á wá ku iná pupa kan tó rẹlẹ̀, kí àlejò lè bá wọn lójúfò. Mà á wọlé láti inú oòrùn tó ń ta ni lójú, mà á dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ojú mi tó mọ ọwọ́ ara mi. Àlejò kì í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọdé á fi ojú tẹ gíláàsì, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan, ìyá wọn á ní yalla, ó yá, wọ́n á bá tiwọn lọ. Èmi ni mo máa kù pẹ̀lú aṣọ ìnugíláàsì. Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó le ni pé wákàtí mẹ́jọ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ kan.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni bàbá tó ń tọ́jú àwọn ẹranko náà, ará Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà. Irun wọn ti funfun. Gulf, láàrin àwọn ìlú Lárúbáwá, ni wọ́n ti lo ọjọ́ orí wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni wọ́n ń rí ìyàwó wọn. Uncle ni mò ń pè wọ́n, wọ́n ń pè mí ní sister, Òyìnbó sì la jọ ń sọ, tèmi ti Èkó, tiwọn ti Kerala.

Ẹranko tí wọ́n fẹ́ràn jù ló wà nínú gíláàsì ìkẹta. Bettong ni wọ́n kọ sára pátákó rẹ̀. Láti Ọsirélíà ni irú rẹ̀ ti wá. Bí òkété ló rí, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó sì ń fò bíi kangarúù. Ó ní àpò níkùn. Tó bá fẹ́ tẹ́ ibùsùn, á kó koríko jọ, á fi ìrù ká a bí ẹni tó fi apá gbé igi ìdáná, á sì gbé e lọ sí igun rẹ̀. N kò rí ẹranko tó ń fi ìrù gbẹ́rù rí. Mo máa ń fi gíláàsì rẹ̀ ṣe ìkẹyìn kí n lè pẹ́ níbẹ̀.

Akọ kan àti abo kan ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé yàrá náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gbé akọ lọ sí ìlú míì, torí wọ́n nílò rẹ̀ níbẹ̀. Abo nìkan ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ọmọ kan nínú àpò. Ọmọ náà kò tíì hàn síta. Uncle ló sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ méjì wá tún páìpù tó ń jò ṣe lẹ́yìn yàrá rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣílẹ̀kùn fún wọn, mo ṣí i. Ọ̀kan nínú wọn kò ríran, ló bá na ọwọ́ sí ara ògiri, ó tan iná funfun. Lójijì ni gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bettong náà fò sókè, ó forí gbá gíláàsì, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kó sábẹ́ igi. Nǹkan kan bọ́ lára rẹ̀ sórí iyanrìn níbi tó ti yí po. Mo rò pé edé tí wọ́n ti bó ni, torí wọ́n máa ń fún àwọn ẹranko kan ní edé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí i pé ó ní ọwọ́.

Mo sáré pe Uncle. Wọ́n pa iná náà, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ náà jáde láì pariwo, wọ́n sì gbé ọmọ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Kò gùn tó àtàǹpàkò mi. Kò nírun, ojú rẹ̀ kò tíì là, ara rẹ̀ pọ́n bí ara ọgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Wọ́n gbé e lọ síbi tó móoru, wọ́n gbìyànjú láti dá a padà sí ẹnu ọmú, ṣùgbọ́n ó ti kéré jù. Kí n tó lọ jẹun ọ̀sán, ó ti kú.

Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ tí mo ti ń fọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti ara mi mọ́bẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n kú fún. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà, Uncle ti kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan nínú wa, pé bọ́tìnnì iná yẹn kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Ìyẹn kò tù mí nínú. Inú ń bí mi sí ẹranko náà.

"Ó ju ọmọ rẹ̀ nù, Uncle," ni mo wí. "Ó ju ọmọ rẹ̀ nù, ó sá."

Wọ́n ní kò jù ú nù. Wọ́n ní ara rẹ̀ ló tú ọmọ sílẹ̀. Nínú igbó, tí ẹran búburú bá ń lé e bọ̀, ẹnu àpò rẹ̀ á dẹ̀, ọmọ á bọ́, ẹran tó ń lé e á dúró síbi ọmọ, ìyá á sì bọ́ lọ́wọ́ ikú. Mo ní irú ìyá wo nìyẹn.

"Ìyá tí òmíràn wà nínú rẹ̀ ni," wọ́n dáhùn.

Mo ní báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí akọ ti lọ láti bí oṣù kan àti ààbọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá jókòó sórí àpótí oúnjẹ, wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí bettong bá bímọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni akọ tún máa ń gùn ún, ó sì máa ń lóyún. Ṣùgbọ́n oyún náà kì í dàgbà. Tó bá ti tó bíi hóró iyanrìn kan báyìí, á dúró. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tó wà nínú àpò bá ṣì ń mu ọmú, ara ìyá kò ní jẹ́ kí èyí tó wà nínú ikùn tẹ̀síwájú.

"Kò kú, kò sì dàgbà," wọ́n ní. "Ó ń dúró de àyè ni. Ní báyìí tí ọmú ti dá, á bẹ̀rẹ̀."

Orí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo bi wọ́n pé kí ló ń jẹ níbi tó ti ń dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn ní ìbéèrè yẹn rí, àwọn kò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bóyá ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí, kí ó má bàa kú.

Láti ọjọ́ yẹn, Uncle bẹ̀rẹ̀ sí sọ oríṣiríṣi fún mi tí a bá ń jẹun. Wọ́n sọ nípa ẹranko kan ní Ọsirélíà bákan náà, tí kò ju eku ilé lọ, tí gbogbo akọ rẹ̀ máa ń kú tí àkókò tí wọ́n ń gun abo bá ti parí. Ara wọn á gbó lójú ẹsẹ̀, irun wọn á re, wọ́n á tán pátá kí abo kankan tó bímọ. Nínú igbó yẹn, abo tó lóyún nìkan ló máa ń kù. Wọ́n sọ nípa òmíràn tó ń bí ọmọ ju orí ọmú tó ní lọ. Àwọn ọmọ náà, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, á máa wọ́ lọ nínú irun ìyá wọn, èyí tó bá dé lẹ́yìn tí ọmú ti tán kò ní rí nǹkan kan dì mú. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rò nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń padà sí Sharjah, láàrin àwọn ènìyàn tó ti rẹ̀ bíi tèmi, tí orí wọn ń ṣubú sára fèrèsé. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹni wo ní Al Qasimia ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ eku tí kì í bá ọmọ rẹ̀ pàdé?

Mo ń ka ọjọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Uncle ní kí n wá bá àwọn di iná mú. Wọ́n fi àpò aṣọ bo bettong náà kí ẹ̀rù má bà á, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi ìka méjì la ẹnu àpò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì pupa kékeré ni mo dì mú. N kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, mo rí i: kò tóbi tó hóró ẹ̀wà, ó so mọ́ orí ọmú, ó ń mí. Uncle sọ nǹkan kan ní èdè wọn. Mo mọ̀ pé àdúrà ni.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnì kan ti yọ́ akọ wọlé. Uncle ń rẹ́rìn-ín wọn. Nígbà tó ku àwa méjì, tí wọ́n ń tú àpò aṣọ náà, ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Èmi náà ní ọ̀kan," mo ní. "Inú òtútù ló wà ní Èkó. Ó ti lé lọ́dún méjì."

Wọ́n jẹ́ kí bettong náà jáde, wọ́n dúró títí ó fi wọ ibùsùn rẹ̀, wọ́n ká àpò aṣọ náà sí mẹ́rin.

"Sister," wọ́n ní, "lọ sílé."

Oṣù márùn-ún ló kù kí ìwé àdéhùn mi pé. Mo pe ọkọ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní kó lọ bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Ó wá bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kò dá mi lójú, àmọ́ mi ò fẹ́ kó máa dúró mọ́.

Nígbà tí oṣù márùn-ún náà pé, tí mo ń di ẹrù, ẹ̀gbọ́n ará Ìbàdàn na ọ̀rá kan sí mi láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Gáùn ọmọdé ni, àwọ̀ omi ọsàn, pẹ̀lú bàtà kékeré méjì. Wọ́n ní kí n fún ọmọ mi, wọ́n ní ọmọ ọdún márùn-ún ló máa wọ̀ ọ́, torí ó ti ń lọ sí márùn-ún báyìí. Wọ́n ti bá mi ka ọjọ́ orí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Láti Al Qasimia títí dé Èkó, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè ronú nǹkan míì.

A ṣe é. Wọ́n yọ ọlẹ̀ náà nínú òtútù, wọ́n ní kò bàjẹ́, wọ́n fi hàn mí lójú ẹ̀rọ: ohun roboto kan báyìí, bí ẹ̀kán omi. Wọ́n gbé e sínú mi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbé korobá. Òun ló ń sebẹ̀, òun ló ń fọṣọ, á sì tún jí lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo dùbúlẹ̀, mo ń bá ọlẹ̀ náà sọ̀rọ̀ nínú ikùn mi, mo ní àyè ti wà, kò sẹ́nì kankan tó ń dí i lọ́wọ́.

Kò dúró. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́, ó sì fún mi ní ìwé èsì náà bí ẹni pé mo lè fẹ́ tọ́jú rẹ̀. A jáde sí ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀. Ọkọ mi fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di ọwọ́ mi mú, àwọn ènìyàn ń kọjá.

"Àwa méjì la fẹ́ra wa," ó ní. "Àwa méjì ṣì wà."

Mo padà sí Sharjah torí kò sí ohun tí mo máa ṣe ní Èkó, ilé iṣẹ́ sì ti tún ìwé àdéhùn mi ṣe. Bẹ́ẹ̀dì mi ṣì ṣófo. Ilẹ̀ kò tíì ṣú lọ́jọ́ tí mo dé nígbà tí ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá gáùn náà gba ọmọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí irọ́ ọjọ́ kejì títí dé ìwé tí nọ́ọ̀sì fún mi. Mo ní mo ti fún ọmọ aládùúgbò wa ní gáùn náà, kí wọ́n máà bínú.

"Mo mọ̀, àbúrò," wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹni tó lọ́mọ, a máa ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọ́n fi ra gáùn.

"Ìwọ lo ní o lọ́mọ. Ta ni èmi tí mà á ní o ò ní?"

Wọ́n fi ìdajì aṣọ ìbora wọn bò mí lẹ́sẹ̀, torí amúlétutù yàrá wa kò mọ ìwọ̀n. Ibẹ̀ ni mo sùn sí títí di àárọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni wọ́n kó ọjà wọn ìkẹyìn, wọ́n sì padà sí Ìbàdàn pátápátá.

Uncle náà ti lọ kí n tó dé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti padà sí Kerala sọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Wọn kò fi ìwé sílẹ̀ fún mi, mi ò sì retí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló wà nípò wọn. Ọmọ bettong náà ti jáde nínú àpò, ó ń fò tẹ̀lé ìyá rẹ̀ yípo gíláàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá òmíràn wà nínú ìyá. Ó ní rárá, kò sí akọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí èyí, kò sí èyí tó ń dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo nu gíláàsì náà, mo bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ mi dé. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ security ní ilé gíga kan ní Dubai. A gba yàrá kan tí wọ́n fi pákó pín ní Abu Shagara, ní Sharjah níbẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. A máa ń gbọ́ ọ tí ẹni tó wà lẹ́yìn pákó bá yí ara padà. Òru ni wọ́n fún un, ọ̀sán ni tèmi. Ọjọ́ kan péré la jọ ń sinmi lọ́sẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó kù, mà á se oúnjẹ kí n tó jáde, mà á dì í mọ́ inú aṣọ kó má bàa tutù. Tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá tètè dé, tí tèmi náà kò sì tíì lọ, a máa ń pàdé lórí àtẹ̀gùn àjà kejì ilé wa. Á bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀. A ó jókòó lórí àtẹ̀gùn náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èjìká lé èjìká. Lẹ́yìn náà, mà á sọ̀kalẹ̀, á sì gòkè lọ jẹun.